Igi Tó Mọ Baba Méje

Ife tíì kíkún kan ni mo bu fún bàbá ọkọ mi nígbà ìrúwé ọdún yẹn, n kò sì tí ì tọrọ àforíjì títí di òní. Ẹni tó bá mọ ilé wa yóò ti di ẹnu mú. Ìdajì ife là ń bu fún ènìyàn ní Besterek, abúlé wa, kí a lè tún un bu, kó lè pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bí a bá bu tìrẹ kún dé etí, a ti ní kí o mu ún tán, kí o dìde, kí o máa lọ nìyẹn. Ìyàwó ilé ló wá bu irú rẹ̀ fún baálé, nínú ọgbà baálé, lábẹ́ igi baálé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Igi ápù kan wà lórí òkè ẹ̀yìn ilé wa, Aport ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Èso rẹ̀ tóbi débi pé ọwọ́ kan kì í ká a. Bí a bá tò ó sínú koríko gbígbẹ lókè àjà, gbogbo ilé ni yóò máa ta sánsán títí òtútù yóò fi lọ. Nígbà kan, gbogbo ẹsẹ̀ òkè Alatau ló kún fún un. Àwọn kan gé tiwọn kọ́lé, àrùn pa ti àwọn mìíràn, ó wá ku ti bàbá ọkọ mi nìkan ní Besterek. Bàbá fẹ́ràn igi yẹn ju ẹṣin wọn lọ. Ẹni tó bá mọ bí ọkùnrin ibí ṣe ń fẹ́ràn ẹṣin tó, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ yẹn.

Èmi Raihan, iṣẹ́ mi ní ìlú ńlá Almaty ni kí n máa tọ́ igi nínú ìgò. A ó mú ṣóńṣó ẹ̀ka tuntun, èyí tí kò ju orí ìṣáná lọ, a ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, a ó gbé e lé oúnjẹ kan tó dì bí omi ẹran tó sùn mọ́jú. Inú ìgò ni yóò ti máa pín, tí yóò yọ ewé, tí yóò ta gbòǹgbò. Ẹyọ kan á di ogún, ogún á di igba, gbogbo wọn á sì jẹ́ igi kan náà tí a gé wọn lára rẹ̀, láìsí ìyàtọ̀ bó ti wù kó mọ. Nígbà tí mo tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Besterek, tí mo rí i pé igi Bàbá ti ń gbó, tí èèpo rẹ̀ ń ṣí, mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbà á sílẹ̀.” Bàbá wo ọ̀bẹ kékeré ọwọ́ mi títí. Wọ́n ní kí n gé e, ṣùgbọ́n kí n rọra, kó má dun igi náà.

Iṣẹ́ náà yọrí. Mo kó àwọn ọmọ igi wálé láti inú ìgò, a sì gbìn wọ́n sórí gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà. Ọkọ mi, tó máa ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí ibodè, gba ìsinmi nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn Bàbá ń lọ láti ìdí ọ̀kan dé ìdí òmíràn, wọ́n ń fọwọ́ kan wọ́n lórí bí ẹní ń súre fún ọmọ ọmọ. Mo sunkún ayọ̀, n kì í sì í tètè sunkún.

Lọ́jọ́ kejì ni mo gbọ́ ìró àáké. Àwọn ápù igbó wà lẹ́bàá kòtò omi tó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà wa kọjá, ẹyẹ ló gbìn wọ́n látayébáyé. Èso wọn kéré, ó kan bí ọtí kíkan, ẹṣin nìkan ló ń jẹ ẹ́. Bàbá ń gé gbogbo wọn lulẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Kí ni wọ́n ṣe?”

“N kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ igbó ba ẹ̀jẹ̀ Aport jẹ́,” ni Bàbá dáhùn, wọn kò dúró.

“Bàbá, Aport kì í so fúnra rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ní àtíkè kan nínú, lẹ́búlẹ́bú tí oyin ń gbé kiri lẹ́sẹ̀. Tara rẹ̀ kì í ṣe é láǹfààní. Ó di dandan kó gba ti igi mìíràn.”

Bàbá fi àáké ti ilẹ̀. “Ṣé igi mi ti wá di alágbe ni? Ìyàwó, ìwọ lo mọ ti inú ìgò. Ti orí ilẹ̀, fi í sílẹ̀ fún mi.”

Mo sọ ọ́ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ápù igbó kan kò ṣẹ́kù.

Nígbà tí àwọn igi náà dàgbà tó láti tanná, wọ́n tanná. Gbogbo òkè funfun, oyin bò ó, àwọn ará Almaty ń dúró lójú ọ̀nà láti ya fọ́tò. Òdòdó rẹ̀ dànù, èso kan kò tẹ̀lé e. Bàbá ní òtútù ló mú un. Lọ́dún tó tẹ̀lé e wọ́n ní oyin ló ya ọ̀lẹ, wọ́n sì lọ bá olóyin abúlé wa jà. Èyí tó burú jù ni pé ìyá igi gan-an, tó ti ń so láti ìgbà bàbá Bàbá, kò so mọ́ láti ọdún tí àáké ti lọ sí kòtò omi. Ẹ ò ní í bi mí pé ta ni wọ́n dá lẹ́bi. Gbogbo abúlé, àti Bàbá pàápàá, ní ọ̀bẹ mi ló gé inú rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí a bí nínú ìgò, báwo ni yóò ṣe bímọ?

Obìnrin tó ń ta ọjà ní ẹnu ọ̀nà abúlé wa bi mí lójú èrò pé, “Raihan, ọmọ tìẹ náà ńkọ́, ṣé inú ìgò lo ti bí i?”

Mo ní, “Rárá o. Inú ìgò ni ọkọ tìẹ ń gbé, èmi ò bi ọ́ léèrè.”

Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo délé, mo ti ilẹ̀kùn, ó dùn mí wọ egungun.

Ẹni tó wá fi ata sójú ọgbẹ́ ni àbúrò ọkọ mi. N kì í pe orúkọ rẹ̀, ìyàwó kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ lọ́dọ̀ wa. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, nítorí iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe ní Almaty. Òun ni àbíkẹ́yìn, àbíkẹ́yìn ló sì ń jogún ilé baba lọ́dọ̀ wa. Akọ̀wé fẹ́ fẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Lida Kogai, ọmọ àwọn ará Kòríà tó wà ní Ushtobe. Bàbá ní ẹ̀jẹ̀ àjèjì kò ní wọ ilé àwọn. Akọ̀wé ní ó dáa, kí wọ́n fún òun ní òkè náà, òun á tà á fún àwọn tó ń kọ́ ilé ìgbafẹ́, òun á sì kó lọ bá Lida nígboro. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ohùn ròkè, Bàbá sì búra níwájú gbogbo wa. Bí àwọn igi yìí bá tún tanná tí wọn kò so, kí Akọ̀wé kó katakata wá, kó hú gbogbo wọn, àti ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ sì ti jáde lẹ́nu àgbà, kò sí ẹni tó lè dá a padà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọjọ́ ife tíì. Òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. A tẹ́ ẹní sábẹ́ ìyá igi, Ìyá ọkọ mi gbé búrẹ́dì díndín sílẹ̀, èmi jókòó ti ìkòkò tíì. Akọ̀wé ti Almaty dé láàárọ̀ náà.

“Bàbá, mo ti bá àwọn oníkatakata sọ̀rọ̀.”

“Òdòdó ṣì wà lórí igi,” ni Bàbá wí.

“Ó wà lórí rẹ̀ lésìí náà.”

Ìyá ti búrẹ́dì sí i. “Erkin, jẹun. Ẹnu tó bá ń jẹun kì í jà.”

“Ìyá, èmi ò jà. Lida ní kí n má fi…”

“Má dárúkọ rẹ̀ níbí!” Bàbá gbá ẹní.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. “Ó dáa. Àjèjì ò dáa. Ọmọ Bọlat àbúrò yín ńkọ́? Ọmọ dáadáa ni, ó lẹ́wà, ẹ mọ baba rẹ̀, ẹ mọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yín gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ, kó má sí àjèjì kankan níbẹ̀.”

Ojú Bàbá pọ́n. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n jù ú mọ́ ọn. “Ṣé orí ẹ dàrú ni? Àbúrò ẹ nìyẹn! Kí baba méje, ìran méje gbáko, tó kọjá láàrin yín, ẹ ò gbọdọ̀ fi ojú ìfẹ́ wo ara yín! Èmi tí mo kọ́ ẹ ní orúkọ baba méje kí o tó mọ bí a ṣe ń ka ìwé! Ilé tó bá ń fẹ́ ara rẹ̀, ilé náà á parẹ́! Kò ní í lọ́mọ!”

Tíì ni mò ń bu lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí mi létí, ọwọ́ mi kò sì dúró mọ́. Mo rí i pé tíì ti dé ìdajì. Mo rí i pé ó ti kọjá ìdajì. Mo jẹ́ kó lọ. Ó kún dé etí, ó ṣàn sínú àwo. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, mo gbé e síwájú Bàbá.

“Yéè!” ni Ìyá wí. “Raihan, pa mí tán!”

Akọ̀wé la ẹnu, búrẹ́dì wà nínú rẹ̀. Bàbá wo ife náà, wọ́n wò mí.

“Ta lo ní kó máa lọ, ìyàwó?”

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ìbínú ju ẹ̀rù lọ. “Ẹ ní igi yìí yàgàn, Bàbá. Ẹ ní ọ̀bẹ mi ló gé inú rẹ̀. Kò yàgàn o. Òfin yín ló ń pa mọ́.”

“Òfin wo?”

“Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán. Ẹ wo gbogbo òkè yẹn. Igi mélòó lẹ rí?”

“Ta ló ń ka igi?”

“Ẹ má kà á, ẹyọ kan ni. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Kì í ṣe ìbejì pàápàá. Ara igi tí ẹ fẹ̀yìn tì yìí ni mo ti gé gbogbo wọn. Ẹnì kan náà ló dúró káàkiri òkè. Oyin gbé àtíkè láti ara rẹ̀, ó tún gbé e wá bá a. Òdòdó gbà á lálejò. Àtíkè wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun òdòdó, ó ń lọ síbi tí ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó débẹ̀, òdòdó bi í pé, ọmọ ta ni ẹ́? Àtíkè ka baba rẹ̀. Òdòdó ní, áà, èmi náà nìyẹn! Ó dí ọ̀nà mọ́ ọn, ó pa á síbẹ̀. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó rẹ̀ dànù ju kó fẹ́ ara rẹ̀ lọ. Àwọn àna tó ní, ẹ̀yin lẹ fi àáké gé wọn lulẹ̀. Ẹ wá ń bi í pé ọmọ dà?”

Oyin ń kùn lókè orí wa. Bàbá gbé ojú sókè, wọ́n ń wo àwọn òdòdó náà bí ẹni tó ń wo ojú ẹni tí wọ́n ti fẹ̀sùn èké kàn.

“Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún mi?” Ohùn wọn ti rẹlẹ̀.

“Mo sọ ọ́, Bàbá! Ọjọ́ tí ẹ gbé àáké ni mo ti sọ ọ́!”

“Ọ̀rọ̀ àtíkè lo sọ. O ò sọ ọ̀rọ̀ àna.”

Ọlọ́run nìkan ló mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé ìkòkò tíì yẹn là mọ́lẹ̀.

“Ìyá igi yìí wá ńkọ́?” ni Bàbá tún bi mí. “Òun kan ṣoṣo ló wà níbí tẹ́lẹ̀, ó sì ń so.”

“Àwọn ti ẹ̀bá kòtò omi ló ń fẹ́.”

Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Bàbá mi máa ń bu omi sí ìdí wọn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Èmi rò pé nítorí ẹṣin ni.” Wọ́n fọwọ́ kan èèpo igi náà. “Ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kò ní í kan? Kò ní í dà bíi ti igbó?”

“Èyí tí ẹ ń jẹ látijọ́, ṣé ó kan? Ara ìyá ni èso. Ti baba, inú kóró nìkan ló wà.”

Bàbá gbé ife náà. Wọ́n mu gbogbo rẹ̀, gbígbóná bó ti wà, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n dìde. “O ti ní kí n máa lọ. Mò ń lọ.”

Ìyá dìde pẹ̀lú wọn, ó fẹ́ sunkún. “Bàbá Erkin, níbo lẹ ń lọ? Ọmọ ni, ẹ dárí jì í!”

“Mò ń lọ bẹ àwọn àna mi. Gbé ṣapan mi wá.”

Ṣapan ni ẹ̀wù ńlá tí Bàbá máa ń wọ̀ bí wọ́n bá ń lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá gbé e wá láti inú àpótí, kò tíì yé e. Bàbá ní àfonífojì kan wà lókè, òtútù kì í tètè kúrò níbẹ̀, àwọn ápù igbó ibẹ̀ yóò ṣì máa tanná. Ṣùgbọ́n ó jìnnà fún ẹṣin; kí a tó lọ kí a tó bọ̀, ẹ̀ka tí a bá gé yóò ti rọ. Gbogbo wa wo Akọ̀wé, òun ló lọ́kọ̀.

“Èmi?” ni Akọ̀wé wí. “Bí igi bá so, èmi ni mo pàdánù.”

“O pàdánù,” ni Bàbá dáhùn. “N kò purọ́ fún ẹ.”

Akọ̀wé yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ń wo ìyá igi. Abẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ìrìn, gbogbo wa la mọ̀. Ó mí kanlẹ̀. “Alárinà kì í dá lọ. Ẹ wọlé. Ẹ má jẹ́ kí omi dà sí ìjókòó mi ṣá.”

A kó korobá omi sẹ́yìn ọkọ̀, a gùnkè. Bàbá kò tan wá jẹ: àfonífojì náà funfun, òdòdó wọn tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa díẹ̀ létí. Bàbá sọ̀kalẹ̀, wọ́n tún ṣapan ṣe, wọ́n ṣí fìlà. Mo rò pé àwàdà ni, títí mo fi rí ojú wọn.

“Ẹ kú ìjókòó o,” ni Bàbá wí fún àwọn igi. “Èmi ni Ospan. Mo gé àwọn ẹ̀gbọ́n yín lulẹ̀, mo rò pé mo mọ nǹkan. Ọmọbìnrin kan wà nílé mi, ó ti dàgbà tán, mo sì ti lé gbogbo ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi san án fún un.”

Akọ̀wé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ Bàbá. Òun ló gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Bàbá, ó ń gé ẹ̀ka díẹ̀díẹ̀ lára igi yìí, díẹ̀díẹ̀ lára ìyẹn, kó má bàa dun ẹnì kankan. Ó sì rọra wakọ̀ bọ̀ bí ẹni tó gbé ìyàwó tuntun.

Nígbà tí a padà dé, a ki àwọn ẹ̀ka náà bọ inú korobá omi, a so wọ́n kọ́ káàkiri òkè kí oyin lè gbé àtíkè láti ọ̀kan sí èkejì, òdòdó igbó àti òdòdó Aport ń kan ara wọn. Ìyá bọ́ yẹtí fàdákà etí rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀ka ìyá igi. Ó ní kò sí ọmọbìnrin tí a ó fọwọ́ lásán fi fọ́kọ. Ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ súìtì, ó dà á sókè bí a ti ń ṣe níbi ìgbéyàwó, àwọn ọmọdé abúlé sì ya bo ọgbà wa. Obìnrin ọlọ́jà náà wá ṣa súìtì. Ó ní òun kàn ń kọjá ni.

Àwọn òdòdó náà rẹ̀ dànù. Kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, inú mi kò sí nínú ìgò kankan. Bí oyin kò bá ti fẹ́ràn ẹ̀ka inú korobá ńkọ́? Bí òtútù bá dé ńkọ́? Katakata kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, orúkọ mi ni yóò sì wà lára ìtìjú náà títí ayé.

Ìyá ló pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ń sunkún, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ó wá ní, “Wọn ò já! Raihan, mo fọwọ́ kàn wọ́n, wọn ò já! Wọ́n le gírígírí!” Mo bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ sílẹ̀, mo sáré wọkọ̀. Àwọn èso kan ti bọ́ lóòótọ́, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù wà lórí igi, wọ́n tutù yọ̀yọ̀, wọ́n tó orí àtàǹpàkò. Àwọn kan wà lórí ìyá igi náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹtí. Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Akọ̀wé wá wò wọ́n. Ó rìn yí gbogbo òkè ká, ó mú fóònù, ó sọ fún àwọn oníkatakata pé kí wọ́n má wá mọ́. Bàbá kò fi í ṣẹ̀sín. Kò sí ilẹ̀ tí yóò tà mọ́, kò sì sí ọ̀nà tí yóò gbà mú Lida wálé. Ojú rẹ̀ dùn mí gan-an, nítorí èmi ni mo ṣẹ́gun rẹ̀.

Nígbà ìkórè, Bàbá ránṣẹ́ pe gbogbo wa sábẹ́ igi, àti Akọ̀wé. Wọ́n fi ọ̀bẹ gé ápù àkọ́kọ́, òórùn rẹ̀ gba ibẹ̀ kan. Wọ́n pa ojú dé, wọ́n ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n ń wá kíkan ti igbó níbẹ̀. Wọn kò rí i. Wọ́n gbọn kóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

“Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, ìyàwó? Kí ni wọ́n máa dà?”

“Ẹnikẹ́ni ò mọ̀, Bàbá. Wọn ò ní jẹ́ Aport, wọn ò ní jẹ́ ti igbó. Ẹni tuntun ni wọ́n.”

“Wọ́n lè dára?”

“Àfi kí ẹ gbìn wọ́n kí ẹ tó mọ̀.”

Bàbá na àwọn kóró náà sí Akọ̀wé. “Ẹ̀bá kòtò omi ni kí o gbìn wọ́n sí.” Akọ̀wé gbà wọ́n, kò gbé ojú sókè. Bàbá nu ọ̀bẹ, wọ́n nù ún, wọ́n tún un nù.

“Erkin. Ibo ni ilé àwọn ènìyàn ọmọ yẹn wà?”

“Ọmọ wo, Bàbá?”

“Má ṣe bí adití. Lida.”

A ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu Bàbá rí. Akọ̀wé di ọwọ́ mọ́ àwọn kóró náà. “Ushtobe, Bàbá.”

“Ó jìnnà.”

“Ó jìnnà díẹ̀.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àna tó jìnnà là ń wá.” Bàbá yíjú sí Ìyá. “Ibo lo kó ṣapan mi sí?”

Akọ̀wé bojú, èjìká rẹ̀ ń mì, Ìyá sì ti ń sáré lọ sílé. Èmi na ọwọ́ sí ìkòkò tíì, kí n lè rí nǹkan fi ọwọ́ mi ṣe.

“Raihan,” ni Bàbá wí, “ìwọ náà ń bá wa lọ. Ìwọ lo mọ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ àna. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ilé àwọn ènìyàn yẹn, jọ̀ọ́, ẹlòmíràn ni kó bu tíì.”